OJÚ-ÌWÉ ÌDÍLÉ: Ẹ Má Ṣe Tan Ọmọ Lọ Síbi Iṣẹ́ Abẹ

 

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, lẹ́yìn Míísà, ìyá kan dá wa dúró. Ó pọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sẹ́yìn, ọmọ náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Dókítà ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni yóò tún ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Ìyá yìí rẹ ohùn sílẹ̀ kí ọmọ má baà gbọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún un? Àbí kí n kàn ní ọjà ni a ń lọ?"

A kò lè fi ìdúró dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí pé àwa náà ti sọ irú "ọjà ni a ń lọ" bẹ́ẹ̀ rí, a sì mọ ohun tí ó mú wá bá wa. Nítorí náà ni a ṣe ní kí á fi ojú-ìwé ti oṣù yìí dá a lóhùn, kí ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá wà ní ilé rẹ̀ lè gbọ́ pẹ̀lú.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Àbíkẹ́yìn wa ni, obìnrin. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ. Gbogbo ènìyàn ní kí á fi sílẹ̀, pé yóò tọ́ fúnra rẹ̀. Wọn kò purọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹsẹ̀ wọn máa ń tẹ̀ síta títí wọn yóò fi tó bí ọmọ ọdún méjì. Tí ó bá di ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orúnkún wọn a tún máa kan ara wọn. Kí wọn tó pé ọmọ ọdún méje, púpọ̀ nínú wọn ni ẹsẹ̀ wọn ti tọ́ láìsí oògùn, láìsí abẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ ni ó yẹ kí á bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ti ọmọ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà ni ó ń tẹ̀ sí i, ti òsì sì burú ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òbí: bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún méjì, bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, bí ọmọ bá ń tiro tàbí tí ó ń ké pé ó ń dun òun, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí yóò tọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gun àpáta tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè, ibi tí gbogbo ọmọ Ṣábẹ̀ ti ń ṣeré. Òun a bá wọn dé ìdí rẹ̀, a sì jókòó. Bí a bá bi í léèrè ìdí tí kò fi gùn ún, a ní: "Bàtà wọn ni mò ń bá wọn ṣọ́." A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, a rẹ́rìn-ín. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín náà kò jáde mọ́.

Dókítà tí ó wò ó sọ pé abẹ nìkan ni ó kù. Wọn yóò gé eegun ojúgun, wọn yóò tò ó kí ó tọ́, wọn yóò sì dì í títí yóò fi jinná. Oṣù márùn-ún ni a fi kó owó jọ, láti inú àjọ àti lọ́wọ́ àwọn ará.

Ní ọjọ́ tí a ó gbé e lọ, a sọ fún un pé ọ̀dọ̀ tàǹtí rẹ̀ ni a ń lọ. Inú rẹ̀ dùn. Aṣọ ọdún rẹ̀ ni ó wọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí ó rí àwọn aláṣọ funfun, kò sunkún rárá. Ó wò wá lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yí ojú sí ògiri. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀ ni ó bá wa lọ, kí ó lè máa dáná fún wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa lálẹ́ pé ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun mọ́ títí di ìgbà iṣẹ́ abẹ. Àwa gbọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ ìdí rẹ̀ fún Màmá, a kàn ní, "Wọ́n ní kí ó má jẹun." Ní ìdájí, oorun gbé wa lọ. Ebi ń pa ọmọ, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá àgbà wo ni yóò gbọ́ ẹkún yẹn tí kò ní ṣàánú? Ó fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà.

Nígbà tí a jí, a rí epo ní ètè ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún yín, nítorí ìyẹn ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. A wo ara wa, a kò sì sọ̀rọ̀. A rántí oṣù márùn-ún. A rántí owó. A rò pé bí a bá sọ ọ́, wọn yóò mú ọmọ mìíràn rọ́pò tiwa, ta ni ó sì mọ ìgbà tí yóò tún kàn wá? A fẹ́rẹ̀ẹ́ nu ètè ọmọ náà kí á dákẹ́. Bí wọ́n ti ń ti ibùsùn bọ̀ ni ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, tí ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ó ti jẹun."

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ kẹta. Nọ́ọ̀sì náà kò bú wa. Ó jókòó ti Màmá, ó ṣàlàyé fún un pé oògùn tí ń muni sùn kì í mú ojú nìkan sùn. Ọ̀nà ọ̀fun náà a sùn. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá kí ó sì gba ibi tí a fi ń mí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ sì lè kú lórí tábìlì. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí ó sọ kò pọ̀: "Kò sí ẹni tí ó wí fún mi."

Òótọ́ ni. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tirẹ̀. A tan ọmọ, a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ purọ́ fún nọ́ọ̀sì. Irọ́ àkọ́kọ́ ni ó bí ìyókù.

BÍ A TI SỌ Ọ́ FÚN UN

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn di àǹfààní fún wa. A bẹ ọmọ náà pé kí ó má bínú, pé a tàn án, a kò sì ní tàn án mọ́. A fi àkísà ṣe ọmọláńgidi kan, a sì fi aṣọ funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. A sọ fún un pé wọn yóò fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn, pé oorun yẹn yàtọ̀ sí ti alẹ́, kò ní mọ nǹkan kan lára títí wọn yóò fi parí. Pé nígbà tí ó bá jí, ẹsẹ̀ yóò dùn ún, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ọ́, nọ́ọ̀sì yóò fún un ní oògùn tí yóò dín ìrora kù. Pé ẹsẹ̀ náà yóò wà nínú ohun funfun líle fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ó bi wá pé: "Ṣé màá jí?" Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí ń sá fún. A dá a lóhùn pé ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ṣọ́ èémí rẹ̀ lọ, láti ìgbà tí ó bá sùn títí di ìgbà tí ó bá jí, àti pé àwa yóò wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó ronú díẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kó o lé wa lọ́wọ́, ó ní: "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

Láti inú èyí ni ìmọ̀ràn wa ti wá. Ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sọ fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní yé e, ẹ̀rù nìkan ni yóò máa bà á. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó lè béèrè ohun tí ó bá fẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé abẹ́rẹ́ kì í dunni. Ẹ sọ pé yóò ta á, kò sì ní pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún ọmọ aláìgbọràn pé, "Èmi yóò pe dókítà kí ó wá gún ọ lábẹ́rẹ́," ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí dókítà náà yóò ní láti fọwọ́ kan ọmọ yín.

Ní ti ààwẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, òfin tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé ni wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ, mẹ́rin fún ọmú ìyá, méjì fún omi lásán. Èyí tí wọ́n bá sọ fún yín níbi tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí yóò sùn ti ọmọ náà. Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ọmọ.

ẸSẸ̀ INÚ PLÂTRE

Ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní plâtre, kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1851 ni dókítà ológun kan ní ilẹ̀ Holland, Antonius Mathijsen, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ̀fun rẹ̀ sára aṣọ tín-ín-rín kí ó lè di eegun àwọn tí ó fara pa mú. Ṣùgbọ́n plâtre kò ní ojú. Ẹ̀yin òbí ni ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ ọmọ sókè, kí ó má baà wú. Ẹ máa wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ẹ ní kí ó mì í. Bí ìka bá tutù, bí ó bá dúdú tàbí tí ó funfun ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, bí ó bá wú, bí ó bá kú tipiri, tàbí bí ọmọ bá ń ké ìrora tí oògùn kò dín kù, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè kọjá, láàárín wákàtí díẹ̀ sì ni ẹran ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ gbé e padà ní òru. Bákan náà ni bí ibà bá mú un, tàbí bí plâtre bá ń rùn tàbí tí ó ń rin láti inú.

Yóò yún un. Ọmọ yóò wá igi ìgbálẹ̀ tàbí ìyẹ́ adìẹ kí ó fi họ ọ́ nínú. Ẹ má ṣe gbà fún un, nítorí ọgbẹ́ tí ó bá ṣe síbẹ̀, ojú kò ní rí i títí yóò fi kẹ̀. Ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹnu plâtre, ẹ sì máa fi eré mú ọkàn ọmọ kúrò níbẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi máa nu ìyókù ara rẹ̀. Ẹ má ṣe da àgbo tàbí epo sí i.

A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tí ń to eegun ní ilẹ̀ wa, ọwọ́ wọn ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí abẹ ti kàn kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ènìyàn méjì lè tọ́jú pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kí ó sì tún un dì, tàbí kí ó fi òrí wọ́ ọ, kí dókítà tó yọ̀ǹda.

ỌMỌ NÁÀ NÍNÚ ILÉ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ọjọ́ kékeré fún ọmọdé. Ọmọ wa di ọba ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ohun tí ó bá ti fẹ́ ni a ń fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní òun náà fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kán. Ìgbà yẹn ni a mọ̀ pé a ti ṣe àṣejù. A dá iṣẹ́ padà fún ọmọ náà: ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ká aṣọ, ó ń ka iye owó tí ìyá rẹ̀ mú bọ̀ láti ọjà. A bẹ olùkọ́ rẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ ilé-ìwé rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Èyí mú kí ẹ̀gbọ́n náà ní ipò tirẹ̀ nínú ìtọ́jú yìí, owú jíjẹ sì parí.

Ní ti oúnjẹ, eegun tí ń jinná ń fẹ́ èròjà tí a ń pè ní kálísíọ̀mù. Ní 1999, àwọn dókítà tí ó ṣe ìwádìí ní Jos, ní Nàìjíríà, fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí eegun wọn rọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe oòrùn ni wọn kò rí. Kálísíọ̀mù ni kò tó nínú oúnjẹ wọn. Ògì àti gaàrí nìkan kò lè kọ́ eegun ọmọ. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà wa, ẹja kékeré gbígbẹ tí a ń jẹ teegunteegun, ewébẹ̀ tútù, gbogbo wọn ni ó wà ní àrọ́wọ́tó wa. Ẹ má ṣe máa tà á tán kí ẹ tó rántí ọmọ.

ỌJỌ́ TÍ PLÂTRE KÚRÒ

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọjọ́ yẹn ni ayọ̀. Ẹ̀rù ni fún ọmọ. Ayùn tí wọ́n fi ń gé plâtre ń pariwo gan-an, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ni ó ń gbọ̀n, kì í yí bí ayùn káfíńtà; ó ń gé ohun líle, kì í sábà gé awọ ara. Ẹ ti sọ èyí fún ọmọ ṣáájú. Ẹsẹ̀ tí yóò jáde yóò tín-ín-rín, awọ rẹ̀ yóò gbẹ, yóò máa bó. Ọmọ wa wò ó, ó ní, "Èyí kì í ṣe tèmi."

Ìrìn kò padà ní ọjọ́ kan. Kiné kọ́ wa ní eré tí a ó máa bá a ṣe lójoojúmọ́: kí ó fi ìka ẹsẹ̀ ṣa èkùrọ́ nílẹ̀, kí ó máa na orúnkún, kí ó máa ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò omi. Ní ọjọ́ mìíràn a ṣe mẹ́wàá, ní ọjọ́ kejì a ṣe mẹ́ta, a sì sunkún. A kò nà án, a kò sì fi í sílẹ̀. Ẹ lọ sí gbogbo ìpàdé tí dókítà bá dá, kódà bí ẹsẹ̀ bá ti tọ́ lójú yín, nítorí eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà, ó sì lè tún tẹ̀.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ ṢẸ̀ṢẸ̀ BÍMỌ

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó yí wọnú. Nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ tí a bí, a sábà máa ń rí ọ̀kan. Kì í ṣe èèwọ̀ tí ìyá jẹ, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Dókítà Ignacio Ponseti, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó ṣiṣẹ́ ní Iowa ní Amẹ́ríkà títí ó fi kú ní 2009, fi hàn pé a lè fi ọwọ́ tọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Plâtre tuntun ni ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí márùn-ún sí méje. Lẹ́yìn náà, abẹ kékeré kan ní iṣan gìgísẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbà yẹn ni bàtà onírin bẹ̀rẹ̀: fún oṣù mẹ́ta ọmọ yóò máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, àfi wákàtí kan fún ìwẹ̀, lẹ́yìn náà, nígbà oorun nìkan, títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Níbi bàtà yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ ti ń padà yí. Ẹ tètè lọ, ẹ sì fara dà á.

Ilẹ̀ wa kò ṣàìní ibi ìrànlọ́wọ́. Láti 1970 ni àwọn Arákùnrin Jòhánù ti Ọlọ́run ti ní ilé ìwòsàn ní Tanguiéta, ní Atacora, níbi tí Fra Fiorenzo Priuli ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì ní Èkó ti wà láti 1945, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú ogun àgbáyé kejì. Láti 2016 sí 2017, ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy gúnlẹ̀ sí Cotonou, àwọn dókítà inú rẹ̀ sì tún ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ṣe. Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ìwé rán yín lọ síbi tí ó yẹ.

Ní 1741, Nicolas Andry, dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ìwé kan lórí bí a ti ń tọ́ ara ọmọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀ fún orúkọ rẹ̀, ọ̀kan túmọ̀ sí "títọ́", èkejì túmọ̀ sí "ọmọ". Orúkọ yẹn náà ni gbogbo ayé ń pe iṣẹ́ àwọn dókítà eegun di òní. Nínú ìwé náà ni àwòrán igi kékeré tí ó wọ́ wà, tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó kí ó lè tọ́. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, ìyá wa tí o dá wa dúró, ìdáhùn rẹ nìyí: má ṣe sọ pé ọjà ni ẹ ń lọ. Sọ ibi tí ẹ ń lọ, sọ ohun tí wọn yóò ṣe, sọ pé yóò dùn ún àti pé ìwọ yóò wà níbẹ̀. Ọmọ lè fara da ìrora tí a ti sọ fún un. Èyí tí a fi ẹ̀tàn mú un wọ̀ ni kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ọmọ tiwa ti ń rìn. Ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, a bá bàtà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ àpáta láàárín ti àwọn yòókù, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òkè. A dúró, a bá a ṣọ́ ọ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa wo ọmọ wa o.